Ojú Tó Ń Wálẹ̀ Kì Í Ṣe Ojú Ọ̀mùtí

Ọwọ́yá ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà kò sì ti ọ̀dọ̀ ìyá tàbí bàbá rẹ̀ wá. Àwọn obìnrin tó ń dirun lọ́dọ̀ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá jókòó síwájú rẹ̀ láàárọ̀, tó ní kó di kékeré-kékeré fún òun, kí onítọ̀hún tó rojọ́ ọkọ rẹ̀ débi tó dùn, Ọwọ́yá á ti dé ìpàkọ́. Ìka rẹ̀ kì í dúró, ẹnu rẹ̀ náà kì í sinmi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, láàárín onífọ́tò àti ẹni tó ń tún fóònù ṣe: dígí gbọọrọ kan lára ògiri, dírayà méjì, àti bẹ́ǹṣì tí ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, kàn fún un. Wọ́n máa ń sọ ládùúgbò pé ẹni tí inú rẹ̀ kò bá dùn, kó lọ dirun lọ́dọ̀ Ọwọ́yá. Bí irun kò bá tiẹ̀ dáa, ẹ̀rín á dáa. Irun náà sì máa ń dáa.

Ojú ọ̀tún ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, ojú náà á là gedegbe. Bí ọ̀sán bá ti ń pọ́n, ìpéǹpéjú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bíi kọ́tìnnì tí ìkọ́ rẹ̀ já lápá kan. Ó kọ́kọ́ rò pé oorun ni. Ó sùn àsùntẹ́rùn, kò lọ. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹnì kan ní méjì. Ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún àwọn oníbàárà rẹ̀, ó ní ọkọ kan ṣoṣo tí òun kò tíì rí ojútùú ẹ̀ ti di méjì mọ́ òun lọ́wọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ tó bá ku òun nìkan ní ṣọ́ọ̀bù, á dúró síwájú dígí, á fi ìka gbé ìpéǹpéjú náà sókè, á sì bi ojú náà léèrè pé, “Kí ni mo fi ṣe ẹ́?”

Láti ojú, ó bọ́ sí apá. Iṣẹ́ onídìrí, iṣẹ́ apá gbígbé sókè ni. Tó bá ti di orí méjì sẹ́yìn, apá rẹ̀ á wúwo bí apá ẹni tó gbé korobá omi láti òdìkejì ìlú. Láti apá, ó bọ́ sí ẹnu. Tó bá ń jẹun, àgbọ̀n rẹ̀ á rẹ̀ ẹ́ láàárín oúnjẹ, á wá máa fi ọwọ́ tì í sókè kó lè jẹ èyí tó kù. Ohùn rẹ̀ tó máa ń dún dé ọ̀dọ̀ onífọ́tò láàárọ̀ á ti ń fà wọ́lẹ̀ nírọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ á máa gba imú jáde. Tó bá sinmi díẹ̀, gbogbo ẹ̀ á tún padà sípò, bíi pé kò sí nǹkan tó ṣe é rí. Ohun tó mú kó ṣòro láti ṣàlàyé fún èèyàn nìyẹn. Àìsàn wo ló ń lọ tó ń bọ̀ bí àlejò?

Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú ọmọge kan tó máa ṣègbéyàwó lọ́jọ́ kejì wá fún un. Ìyá ọmọge náà jókòó tì wọ́n, ó ń pàṣẹ: kó fà á síwájú, kó fà á sẹ́yìn, kó má jẹ́ kó tóbi jù. Irun náà dé ìdajì, apá Ọwọ́yá sì já wálẹ̀. Ó gbé e sókè, ó tún já wálẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sinmi díẹ̀,” àmọ́ ahọ́n rẹ̀ ti wúwo, ọ̀rọ̀ náà sì jáde ní wúruwùru. Ìyá ọmọge dìde. Ó wo ojú tó ti dé ìdajì náà. Lẹ́yìn náà ló gbé imú rẹ̀ sún mọ́ ẹnu Ọwọ́yá, bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀ àná bóyá ó ti kan.

“Ìwọ obìnrin yìí, kí lo mu?”

“Mi ò mu nǹkan kan, mà.”

Kò yé ẹnikẹ́ni ohun tó sọ. Wọ́n fa ọmọge náà dìde pẹ̀lú irun apá kan, wọ́n sì lọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àdúgbò ti gbọ́ pé Ọwọ́yá ń mutí lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn kan ní àwọn ti ń fura tipẹ́. Ẹnì kan tó kí Ọwọ́yá lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó rí i pé ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ló wá ń fi gbogbo ẹnu sọ pé òun rí ìgò lábẹ́ bẹ́ǹṣì.

Ọkọ rẹ̀ ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Ó ní, “Ìyá wọn, gbogbo nǹkan ni mo lè kàn níṣòó láyé yìí, àmọ́ mi ò rí ìṣó tó lè kan ẹnu èèyàn.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé ìwòsàn. Ibi àkọ́kọ́ ní ibà ni. Ibòmíràn ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Wọ́n fún un ní awò ojú níbì kan, ó lò ó, àwọn èèyàn méjì tó ń rí sì wulẹ̀ wá hàn kedere sí i ni. Dókítà kan kò tiẹ̀ bi òun fúnra rẹ̀ ní nǹkan kan. Ọkọ rẹ̀ ló kọjú sí, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ṣé ìyàwó yín máa ń mu díẹ̀?” Ọwọ́yá dìde nílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀, ó ní, “Èmi tẹ́ ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ mi rèé o. Mi ò tíì kú, etí mi ò sì di.” Ó sì jáde.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní tirẹ̀ wá sílé wá gbà á nímọ̀ràn. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, ìfẹ́ ló sì ń bá a sọ ọ́. “Àbúrò mi, máa gbélé. Ohun tí ojú ayé ò bá rí, ẹnu ayé ò ní sọ ọ́. Tó bá lọ fúnra ẹ̀, wàá tún máa jáde.”

“Tí kò bá wá lọ ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?”



Ilé ìwòsàn ńlá tó jìnnà sí wọn ni wọ́n ti wá pàdé dókítà obìnrin kan tó kéré lọ́jọ́ orí, tí bàtà rẹ̀ sì ti jẹ lẹ́yìn nítorí ìrìn. Kò tíì fọwọ́ kàn án tó fi ní kó sọ ìtàn náà látìbẹ̀rẹ̀, kò sì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kó gbójú sókè, kó máa wo àjà, kó má ṣẹ́jú. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ó ní kó máa ka nǹkan sókè. Ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Dókítà náà wá kó yìnyín sínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó gbé e lé ojú tó ti dé náà, wọ́n sì jọ dúró fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó mú un kúrò, ó gbé dígí kékeré lé Ọwọ́yá lọ́wọ́.

Ojú náà ti là.

“Kò sí ọtí tí yìnyín ń lé kúrò lójú,” ni dókítà wí. “Wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò ká lè rí àrídájú. Àmọ́ mo rò pé mo mọ̀ ọ́n.”

Àyẹ̀wò jáde, bó ṣe rò ó ló rí. Mayasitínià lorúkọ tó pè é. Ó ṣàlàyé fún wọn pé ọpọlọ ń ránṣẹ́ sí iṣan pé kó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wà nínú ara, tó yẹ kí wọ́n máa bá àrùn jà, ti lọ dúró sójú ọ̀nà, wọn ò jẹ́ kí ońṣẹ́ dé ilé ẹni tí wọ́n rán an sí. Kì í ràn. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó tán pátápátá, ṣùgbọ́n èyí tó ń kápá rẹ̀ wà, ó sì gbọ́dọ̀ máa lò ó lásìkò láìfò ó. Tí mímí bá ṣòro tàbí tí omi bá kọ̀ tí kò lọ lọ́nà ọ̀fun, kó má dúró rárá, kó máa bọ̀ nílé ìwòsàn.

Ọwọ́yá bi í pé, “Àwa tá a ní in, a pọ̀?”

“Rárá o, kò wọ́pọ̀. Àwọn dókítà wà tí wọn ò tíì rí ẹyọ kan rí. Ó sì wà lára wa tó jẹ́ pé a ti rí i, a kàn ò mọ̀ pé òun ni.”

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ̀yìn yìí ló bá a délé. Nínú ọkọ̀, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó ní, “Bàbá wọn, ẹ ò gbọ́ ohun tó sọ? Wọ́n ti rí wa, wọn ò mọ̀ wá. Mélòó ló wà nílé báyìí tí wọ́n ń pè lọ́mùtí? Mélòó ni wọ́n ń pè lọ́lẹ? Àbí ṣe ni kí n lọ jókòó sínú yàrá, kí n máa dúpẹ́ pé èmi ti mọ tèmi?”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń dúró dè wọ́n nílé. Nígbà tó gbọ́, ó bú sẹ́kún ayọ̀, ó sì ní, “A dúpẹ́ pé ó lórúkọ. Àmọ́ má sọ fún ẹnikẹ́ni o.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti sọ tiwọn. Ó kù kí n sọ tèmi.”

Àyè náà kò pẹ́ yọ. Ẹgbẹ́ onídìrí ránṣẹ́ sí i pé kó wá sípàdé wá jẹ́jọ́ ọtí tó ń mu, torí ó ń ba orúkọ iṣẹ́ wọn jẹ́. Ọkọ rẹ̀ ní òun á bá a lọ sọ ọ́ níbẹ̀. Ọwọ́yá ní rárá, pé ojú òun ni ẹjọ́ náà wà, ojú òun ló sì máa rò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, ó lo oògùn rẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kó lò ó. Lẹ́yìn náà ló wá dirun títí ọ̀sán fi pọ́n, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó sinmi. Ọwọ́yá ní, “Ṣé kí n wá gbé ojú tó dáa lọ fún wọn? Èyí tí wọ́n ń bú gan-an ni wọ́n máa rí.”

Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ni wọ́n ti ń ṣèpàdé, lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kéékèèké, orókún àwọn àgbàlagbà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wọn. Ìyá Alága ló jókòó síwájú, obìnrin gìdìgbà kan tó jẹ́ pé òun ló kọ́ ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀ níṣẹ́.

“Ọwọ́yá,” ló wí, “a gbọ́ ohun tí a gbọ́. Ọmọ wa ni ẹ́. Kúnlẹ̀, bẹ ẹgbẹ́, ṣèlérí pé o ò ní mu mọ́, ká parí ẹ̀.”

“Ẹ ṣeun, mà. Mi ò wá bẹ̀bẹ̀.”

Ọwọ́yá rìn bọ́ sí àárín wọn.

“Ohun tí mo fẹ́ tọrọ nìyí: kí gbogbo wa gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ìgbà tá a bá ń dirun, ká sì máa wo àjà.”

Wọ́n kọ́kọ́ ń wo ara wọn. Àwọn kan gbé e sókè torí wọ́n fẹ́ mọ ibi tó ń lọ, àwọn tó kù bá gbé tiwọn. Ọwọ́yá dúró láàárín wọn, apá òun náà sókè. Kò pẹ́ rárá tí apá rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó sì já wálẹ̀. Apá àwọn tó kù ṣì wà lókè, tó fi mọ́ ti ìyá àgbà kan tí kò lè dá dìde láìdi nǹkan mú. Ojú ọ̀tún Ọwọ́yá ti dé. Tòsì ń tẹ̀ lé e. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ, ọ̀rọ̀ sì ń gba imú jáde.

Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn, “Ẹ ò wá rí i? Ó ti yó!” Ẹ̀rín bú.

Ẹni tó pariwo náà gan-an ni Ọwọ́yá nawọ́ sí. Obìnrin kan tó máa ń dirun lẹ́bàá ibùdókọ̀ ni, tẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ọwọ́yá ṣí fúláàsì tó gbé wá, ó mú aṣọ ìnura tó ti di yìnyín sí, ó kó o lé obìnrin náà lọ́wọ́, ó sì fọwọ́ júwe ojú ara rẹ̀. Obìnrin náà fi ṣàwàdà, ó gbé e lé ojú náà. Wọ́n dúró. Omi ń ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọwọ́yá sára aṣọ rẹ̀, kò nù ún. Ẹ̀rín ń tán lẹ́nu wọn díẹ̀díẹ̀ nítorí kò sẹ́ni tó lè máa fi ẹnì kan tó dúró bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín pẹ́ títí.

Ó mi orí pé kí obìnrin náà mú un kúrò. Obìnrin náà mú un kúrò, ó sì fò sẹ́yìn.

“Yéè! Ojú ẹ̀ ti là!”

Gbogbo wọn dìde. Wọ́n ń ti ara wọn kí wọ́n lè rí i: ojú kan là gbalaja, èkejì ṣì wà nílẹ̀. Ọwọ́yá yí ara rẹ̀ po láàárín wọn, kí ẹni tó wà ní kọ̀rọ̀ má bàa lọ sọ pé òun ò rí i. Ó jókòó, ó sinmi, nígbà tí ohùn rẹ̀ sì padà, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ońṣẹ́ tí kò délé bí dókítà ṣe sọ ọ́.

Ìyá Alága wúkọ́. “Ó dáa. A ti rí i pé àìsàn ni. Kí Ọlọ́run ṣàánú. Àmọ́ àìsàn tó jẹ́ pé ìwọ nìkan ló ní i ní gbogbo àyíká yìí, èwo ni kó o wá kó gbogbo wa jọ lé e lórí?”

“Ta ló sọ fún yín pé èmi nìkan ni, mà?” Ohùn Ọwọ́yá kò ga, ṣùgbọ́n ó dún. “Àwa là ń bá èèyàn jókòó síwájú dígí látàárọ̀ dọ́sàn-án. Ọkọ wọn ò wò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Tí ojú ẹnì kan bá là láàárọ̀ tó ń dé lọ́sàn-án, tí ohùn ẹ̀ ń rì, tí àgbọ̀n ń rẹ̀ ẹ́ tó bá ń jẹun, ẹ má gbóòórùn ẹnu ẹ̀. Ẹ ní kó lọ sílé ìwòsàn. Ohun tí mo bá wá nìyẹn. Ó tún ku ìkan. Gbangba lẹ ti pè mí lọ́mùtí. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ wẹ̀ mí mọ́ ní kọ̀rọ̀.”

Ìyá Alága wò ó títí. Kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ àforíjì máa ń tètè bọ́ lẹ́nu rẹ̀. “Ọwọ́yá kì í mutí,” ló wí níkẹyìn, bí ẹni tó ń tu egungun ẹja jáde. “Kí gbogbo yín gbọ́ ọ.” Ó bá pe ọ̀rọ̀ míì tó wà nílẹ̀.

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan wá dùn bí oyin lẹ́yìn ìyẹn. Ìyá ọmọge ọjọ́sí ṣì máa ń gba òdìkejì títì kọjá. Àwọn oníbàárà kan lọ, wọn ò padà mọ́, torí kò lè dirun lọ́sàn-án mọ́. Òwúrọ̀ nìkan ló kù tó lè fi ṣiṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ kan àga gíga kan fún un, tó ní ibi tó lè gbé ìgúnpá lé ní ọ̀tún àti òsì. Oògùn máa ń mú kí ikùn rẹ̀ kùn bí ẹ̀rọ ìlọta, á sì ní kí oníbàárà máà bínú, pé èyí tó ń sọ̀rọ̀ nínú lọ́hùn-ún kò mọ̀ pé àlejò wà. Àmọ́ kò sí orí tó bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ tí kò gbọ́ nípa àìsàn náà. Ọkọ rẹ̀ ní ó ń sú àwọn èèyàn. Ó fèsì pé orí tó wà lọ́wọ́ onídìrí kò lè sá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin ẹ̀bá ibùdókọ̀, èyí tó gbé yìnyín lé e lójú, ya wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wuuru. Ọkùnrin kan ló mú dání, ó tì í síwájú. Àbúrò oníbàárà obìnrin náà ni, tíṣà ni. Ọkùnrin náà wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó gún régé, ó sì fi ọwọ́ kan gbé àgbọ̀n ara rẹ̀ dúró.

“Mo wò ó, mo wò ó,” ni obìnrin náà ń sọ, “mo ní ojú yìí, mo mọ ojú yìí! Wọ́n ti ní kó má wá sí iléèwé mọ́, wọ́n ní ó ń mutí kó tó wá kọ́ ọmọ.”

 Láti ìgbà tí wọ́n ti fún àìsàn náà lórúkọ, Ọwọ́yá kò tíì bá ẹlòmíràn tó ní in pàdé rí. Ó fa àga fún un, òun náà jókòó kọjú sí i, àwọn méjèèjì sì ń wo ara wọn bí ọmọ ìyá tí wọ́n tọ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

“Tíṣà,” ó bi í, “ṣé tẹ́ ẹ bá jí láàárọ̀, ó máa ń dà bíi pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀?”

Omijé bọ́ lójú ọkùnrin náà. Ó mi orí. Bẹ́ẹ̀ ni.

Ọwọ́yá fúnra rẹ̀ ló mú un lọ bá dókítà obìnrin yẹn. Àrùn kan náà ni. Nígbà tí oògùn ti mú tíṣà lára dé ibi tó lè sọ̀rọ̀ já gaara títí ọ̀sán, wọ́n jọ lọ bá ọ̀gá iléèwé pẹ̀lú ìwé dókítà. Ọ̀gá náà kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wo Ọwọ́yá láti òkè délẹ̀.

“Màdáámù, kí lẹ jẹ́ sí i?”

“A jọ ń ṣàìsàn ni, sà.”

Ọ̀gá ní tíṣà lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó kàn ní kó má sọ àìsàn náà fún àwọn ọmọ, torí àwọn òbí lè bẹ̀rù, kí wọ́n sì kó ọmọ wọn lọ. Ọwọ́yá ti la ẹnu, àmọ́ tíṣà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń rìn lórí afárá tí kò dá lójú.

“Sà, àwọn ọmọ yẹn ti gbọ́ pé ọ̀mùtí ni mí. Iwájú wọn lẹ ti lé mi jáde. Mi ò lè padà wọ kíláàsì kan náà kí n má sọ ohun tí mo jẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ tún lé mi.”

Ọ̀gá kò lé e. Bóyá ojú tì í ni, bóyá kò rí tíṣà míì ni, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Lọ́jọ́ tí tíṣà padà sí kíláàsì, Ọwọ́yá ti ṣọ́ọ̀bù, ó bá a lọ. Kò wọlé. Ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń gbọ́ bó ṣe ń pe orúkọ àìsàn náà, tó sì ń ní kí àwọn ọmọ pè é tẹ̀ lé òun. Ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n pè é tì, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìgbà kejì, ó já gaara lẹ́nu wọn, ohùn gbogbo wọn pa pọ̀: ma-ya-si-tí-ni-à! Ẹsẹ̀ Ọwọ́yá ti ń wúwo nígbà náà, ó bá jókòó sórí àtẹ̀gùn, ní àárín ọ̀nà.

Ọ̀gá iléèwé dé láti ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní, “Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà lẹ jókòó sí o. Àwọn àlejò ń bọ̀.”

“Ẹ kú iṣẹ́, sà,” ni Ọwọ́yá wí, kò sì mira. “Ó rẹ̀ mí ni. Àìsàn tí wọ́n ń pè nínú lọ́hùn-ún yẹn ló ń ṣe mí. Tí mo bá sinmi tán, màá dìde. Tí àwọn àlejò yín bá dé, ẹ ní kí wọ́n wá bi mí, màá ṣàlàyé fún wọn.”